Ìtọ̀ Tó Ń Ta, Àpò Ìtọ̀ Tó Wú: Ìbéèrè Lemọ́lemọ́ àti Ìdáhùn Wọn

Àwọn ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn, ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n bi í sókè. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó díjú ló kẹ́yìn. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, tí ìhà sì ń dùn, kó má jókòó ka gbogbo rẹ̀; ìbéèrè kẹta ni tirẹ̀.

1. Kí ni àpò ìtọ̀, kí ló sì túmọ̀ sí pé ó wú?

Kíndìnrín méjèèjì ló ń sẹ́ ìtọ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀. Ìtọ̀ náà á gba ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò ìtọ̀ nísàlẹ̀ ikùn, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí a ó fi tọ̀. Àpò ìtọ̀ àgbàlagbà máa ń gba nǹkan bí 400 sí 600 mílílítà, kò jìnnà sí omi inú ọ̀rá kan.

Nígbà tí awọ inú àpò yìí bá pọ́n, tó wú, tó sì ń ro èèyàn, òun ni àwọn dókítà ń pè ní cystitis. Kòkòrò àrùn ló sábà máa ń fà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ọ̀pọ̀ owó tí àwọn èèyàn ń ná dànù lórí oògùn, orí pé wọn ò mọ gbólóhùn kejì yẹn ló dá lé.

2. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òun ló ń ṣe mí?

Ìtọ̀ á máa ta bí ata bó ṣe ń jáde. Ìtọ̀ á máa gbọ̀n yín lemọ́lemọ́. Ẹ ó sáré débẹ̀, ìwọ̀nba tótòtó ni yóò kán. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ tán, á tún máa ṣe yín bíi pé ẹ ò tíì tọ̀. Abẹ́ ìdodo á máa wúwo tàbí kó máa ro. Ìtọ̀ lè dà bí èyí tó dọ̀tí, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì lè hàn nínú rẹ̀.

Òórùn nìkan ò tó ẹ̀rí. Ìtọ̀ tó pọ́n, tó ń rùn lọ́sàn-án gangan, tí kò sì ta, òùngbẹ ló sábà máa ń sọ. Fítámìnì B náà máa ń yí àwọ̀ àti òórùn ìtọ̀ padà.

Bí ojú ara bá ń yún, tí omi funfun bí wàrà tó dì tàbí omi tó ń rùn bá ń jáde, ẹ kọ́kọ́ fura sí àrùn ojú ara. Ìtọ̀ lè máa ta níbẹ̀ náà, torí pé ara tó ti bó ló ń kọjá lára. Oògùn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti àpò ìtọ̀.

3. Ìgbà wo ló yẹ kí n sáré lọ sí ọsibítù?

Bí ara bá gbóná, tí òtútù ń mú yín débi pé ẹ ń gbọ̀n, tí ìhà kan tàbí ẹ̀yìn lábẹ́ egungun ìhà ń dùn, tí ẹ sì ń bì, kòkòrò náà ti gòkè dé kíndìnrín nìyẹn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ.

Ní ilẹ̀ wa, ibà ẹ̀fọn ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ pe irú àmì bẹ́ẹ̀. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá ní kò sí ibà, ẹ má ra oògùn ibà kejì. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò.

Aboyún, ọmọ ọwọ́, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó ní kíndìnrín kan ṣoṣo àti ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ há tí kò jáde rárá, kí wọ́n má dúró de ibà kí wọ́n tó lọ.

4. Kí ló ń fà á gan-an?

Nínú èèyàn mẹ́rin tí kòkòrò wọ àpò ìtọ̀ wọn, nǹkan bí mẹ́ta ló jẹ́ pé E. coli ló fà á. Inú ìfun wa ni E. coli ń gbé, kì í sì í ṣe èèyàn ní ibi níbẹ̀. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ti ihò ìdí rìn dé ẹnu ọ̀nà ìtọ̀, tó sì gòkè. Ó ní àwọn fọ́nrán tíntìntín lára tó fi ń so mọ́ awọ àpò ìtọ̀, ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ tó ń ṣàn kì í fi í gbé e lọ. Klebsiella, Proteus, Enterococcus àti Staphylococcus saprophyticus ló ń fa púpọ̀ nínú ìyókù.

Àwọn ohun mìíràn tí kì í ṣe kòkòrò náà wà: ìtànṣán tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ ìsàlẹ̀ ikùn, oògùn jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ cyclophosphamide, rọ́bà ìtọ̀ (catheter, èyí tí wọ́n ń kì bọ àpò ìtọ̀ láti fa ìtọ̀ jáde) tó pẹ́ lára. Ketamine náà wà níbẹ̀, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ kan ní ìlú Òyìnbó ń fà símú ní pátì. Ó ń ba àpò ìtọ̀ jẹ́ débi pé ọmọ ogún ọdún ò ní lè di ìtọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Òbí tó ní ọmọ ní yunifásítì níbẹ̀ kò gbọdọ̀ fojú fo èyí.

5. Kí ló dé tó jẹ́ àwa obìnrin ló ń bá fínra jù?

Ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ; ti ọkùnrin tó bí 20. Ẹnu ọ̀nà náà sì sún mọ́ ihò ìdí. Ìrìn tí kòkòrò máa rìn lára obìnrin kúrú púpọ̀. Nǹkan bí ìdajì gbogbo obìnrin ló máa ní in, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, láyé wọn, nítorí náà kò sí ohun ìtìjú kankan níbẹ̀.

Ìbálòpọ̀ máa ń ti kòkòrò sọ́nà ìtọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyàwó tuntun fi máa ń ké jù. Oògùn apàtọ̀ tí wọ́n ń fi sójú ara láti má lóyún ń dá kún un. Nígbà tí nǹkan oṣù bá sì ti dáwọ́ dúró, èròjà obìnrin tí wọ́n ń pè ní estrogen á dín kù, awọ ojú ara á fẹ́lẹ́, àwọn kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ibẹ̀ á lọ, àyè á sì ṣí sílẹ̀ fún E. coli.

6. Wọ́n ní “toilet infection” ni. Ṣé ilé ìgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wa ni mo ti kó o?

Rárá. Kòkòrò tó wọ àpò ìtọ̀ yín, ara yín ló ti wá, kì í ṣe orí ìjókòó ilé ìgbẹ́. Orúkọ yẹn ti pọ̀ ju àrùn náà gan-an lọ lẹ́nu àwọn èèyàn. Wọ́n ń fi ta oògùn, wọ́n ń fi ta ọṣẹ, wọ́n ń fi ta tíì.

Ibi tí ilé ìgbẹ́ ti lọ́wọ́ sí i ni pé èyí tó dọ̀tí ń mú kí èèyàn di ìtọ̀ mọ́ra. Ìyá ọlọ́jà tó mọ̀ pé kò sí ibi tó dáa lọ́jà kì í mu omi láàárọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin á di ìtọ̀ títí ilé ẹ̀kọ́ á fi parí. Ẹni tó wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láti Ọjọ́ọ̀ta sí Bẹ́gà kò ní yíyàn kankan. Àtimá mu omi àti dídi ìtọ̀ mọ́ra ló ń jẹ́ kí kòkòrò rí àkókò pọ̀ sí i.

Bí ẹ bá sì ń lóṣòó lókè ìjókòó láìfara kàn án, iṣan ìdí ò ní dẹ̀ dáadáa, ìtọ̀ díẹ̀ sì lè ṣẹ́kù sínú. Ẹ nu ibẹ̀, ẹ fi pépà tẹ́ ẹ, kí ẹ jókòó.

7. Ṣé àtọ̀sí ni? Ṣé ọkọ mi ló kó o ràn mí?

Àrùn ọ̀tọ̀ ni àtọ̀sí. Ìbálòpọ̀ ló ń gbé e kiri, ọ̀dọ̀ ọkùnrin sì ni ọyún ti sábà máa ń jáde. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní in kò mọ nǹkan kan. Àpò ìtọ̀ tó wú kì í ràn. Lóòótọ́ ìbálòpọ̀ lè jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kòkòrò obìnrin fúnra rẹ̀ ni, ọkọ kò sì nílò oògùn. Kò yẹ kó di ẹjọ́ níwájú ẹbí.

Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá ń ta, tí láàbù wò ó tí kò rí kòkòrò, ẹ ní kí wọ́n yẹ àtọ̀sí àti chlamydia wò, pàápàá bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹni tuntun. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tọkọtaya ló máa jọ lo oògùn.

8. Báwo ni mo ṣe máa gba ìtọ̀ fún àyẹ̀wò?

Ike tí láàbù fún yín ni kí ẹ lò, kì í ṣe ike màjàríìnì tí ẹ fọ̀. Ẹ fọ ọwọ́. Kí obìnrin fi ọwọ́ kan la ètè ojú ara sọ́tọ̀. Kí ọkùnrin tí wọn ò dá dábẹ́ fa awọ sẹ́yìn. Ẹ tọ ìbẹ̀rẹ̀ dànù, ẹ gba ti àárín, ẹ jẹ́ kí ìyókù lọ. Kó dé láàbù láàárín wákàtí méjì. Bí kò bá ṣeé ṣe, inú fíríìjì ni kó wà.

Bébà onílà aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń rì sínú ìtọ̀ ń fi àmì kòkòrò àti sẹ́ẹ̀lì funfun hàn lójú ẹsẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ culture, tí wọ́n ti ń gbin kòkòrò náà láti mọ oògùn tó ràn án, máa ń tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ gba ìtọ̀ náà kí ẹ tó gbé oògùn kankan mì. Bí ẹ bá ti lo oògùn láàárọ̀, èsì yẹn lè má sọ òtítọ́ mọ́.

9. Oògùn wo ni wọ́n ń lò, ọjọ́ mélòó sì ni?

Fún obìnrin tí kò lóyún, tí kò ní àrùn mìíràn, oògùn náà kì í pẹ́. Nitrofurantoin 100 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 5 wọ́pọ̀. Ọjọ́ 3 ni wọ́n ń kọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fosfomycin jẹ́ ìyẹ̀fun gíráàmù 3 tí a ń pò mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Co-trimoxazole, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Septrin, ṣì wúlò níbi tí kòkòrò bá ti ń gbọ́ tirẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì ló yẹ kí ara ti máa fúyẹ́. Bí kò bá fúyẹ́, ẹ padà lọ.

Nitrofurantoin máa ń sọ ìtọ̀ di àwọ̀ ilẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Ohun tó yẹ ní ìbẹ̀rù ni àìtó G6PD, èròjà kan tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún láàárín àwa Yorùbá ni èròjà yìí kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a sì máa ń rí obìnrin náà tó ní in. Nitrofurantoin àti Septrin lè fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa wọn. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè rí lẹ́yìn oògùn, tàbí tí wọ́n sọ fún nígbà tí wọ́n bí i, kó sọ fún dókítà.

10. Ṣé mi ò lè ra Ampiclox tàbí Cipro ní kẹ́míìsì àdúgbò?

Ampiclox jẹ́ oògùn méjì nínú kápúsù kan. Èkejì, cloxacillin, kò ràn E. coli rárá, èkíní, ampicillin, ni ọ̀pọ̀ E. coli kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ẹyọ mẹ́rin tí wọ́n pọ́n sínú bébà fún yín á pa àwọn kòkòrò tó rọ̀, á fi àwọn olórí kunkun sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ó tún padà síbẹ̀.

Ní ti Cipro, ní 2016 ni àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi irú rẹ̀ wo àrùn àpò ìtọ̀ lásán bí oògùn mìíràn bá wà, nítorí ohun tó lè fi ṣe iṣan ẹsẹ̀, oríkèé àti ọpọlọ. Ní January 2024, ti Britain tún fún un mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ṣì ń tà á fún gbogbo ohun tó bá ta èèyàn. Èyí kò dáa.

11. Ṣé kò lè lọ fúnra rẹ̀?

Ó lè lọ. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Jámánì, tó jáde ní 2015, lórí obìnrin tó lé ní 400: wọ́n fún àwọn kan ní ibuprofen, tí í ṣe oògùn ìrora, wọ́n fún àwọn yòókù ní fosfomycin. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn oní-ibuprofen ló yá láìlo oògùn apakòkòrò. Ṣùgbọ́n ìrora wọn pẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ, àwọn tí kòkòrò gòkè dé kíndìnrín wọn sì pọ̀ díẹ̀ sí i. Ọ̀dọ́bìnrin tára rẹ̀ le, tí tirẹ̀ kò le, lè bá dókítà sọ ọ́ kó fi ọjọ́ kan tàbí méjì wò ó. Aboyún àti ọkùnrin kò gbọdọ̀ dán an wò.

12. Àgbo ńkọ́? Jíjókòó sínú omi gbígbóná àti Dettol ńkọ́?

Àgbo tí wọ́n fi omi sè máa ń mú kí èèyàn mu omi púpọ̀, kó sì tọ̀ púpọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni ìrọ̀rùn tí àwọn kan ń sọ ti ń wá. Èyí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró ni mo kọ̀ pátápátá: ọtí ń fa omi kúrò lára, ó sì ń ta àpò ìtọ̀ tó ti bó tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní àrùn kíndìnrín, kó jìnnà sí àgbo tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Dettol, iyọ̀, álọ́ọ̀mù, ọṣẹ olóòórùn dídùn: kò sí èyí tó yẹ nínú ojú ara. Wọ́n ń pa kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Omi gbígbóná ti bó ìdí ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́mọ tuntun. Omi lásán lójú ìta tó, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Fún ìrora, parasitámọ́ọ̀lù àti ìgò omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a fi aṣọ wé, tí a gbé lé abẹ́ ìdodo.

13. Ṣé omi mímu ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Cranberry àti sóbò ńkọ́?

Omi ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rí sì wà. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2018, obìnrin 140 tí kì í mu tó lítà kan àtààbọ̀ lójúmọ́, tí àrùn yìí sì ń padà bá, ni wọ́n pín sí méjì. Àwọn tó fi lítà kan àtààbọ̀ kún èyí tí wọ́n ń mu tẹ́lẹ̀ ní àrùn náà ní ìdajì iye ìgbà tí àwọn yòókù ní in láàárín ọdún kan. Kò sí oògùn tó dínwó tó o.

Àtúnyẹ̀wò ńlá kan ní 2023 fi hàn pé cranberry lè dín bó ṣe ń padà wá kù, àmọ́ kì í wo èyí tó ti wà lára. Ó wọ́n lọ́dọ̀ wa, èyí tó wà nínú páálí sì kún fún ṣúgà. Sóbò kì í ṣe cranberry, bí àwọ̀ wọn tilẹ̀ jọra.

14. Mo lóyún, ìtọ̀ ò ta mí, wọ́n ní kòkòrò wà níbẹ̀. Ṣé kí n lo oògùn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Oyún máa ń dẹ ọ̀nà ìtọ̀, ilé ọmọ sì ń tẹ̀ ẹ́, ìtọ̀ kì í wá ṣàn geere mọ́. Kòkòrò tí kò hàn lè gòkè sí kíndìnrín, kí oyún sì bọ́ ṣáájú ọjọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n lo oògùn apakòkòrò fún ọjọ́ 7. Dókítà ló máa yan èyí tó bá oṣù oyún mu: nitrofurantoin kò dáa bí ọjọ́ ìbí bá ti sún mọ́, wọn kì í sì í fẹ́ lo Cipro.

15. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ ọ́n lára ọmọ?

Ọmọ ọwọ́ ò lè sọ pé ìtọ̀ ń ta òun. Ibà tí a ò mọ orísun rẹ̀, èébì, àìmu ọmú, ẹkún nígbà tó bá ń tọ̀: ẹ ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, torí pé kíndìnrín ọmọdé lè ní àpá. Ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọkùnrin ló ń ní in jù. Dídá dábẹ́ sì ń dín in kù.

Ọmọ tó ti gbọ́n kúrò nínú ìtọ̀lé, tó wá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ má nà án. Ẹ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ẹ sì béèrè bóyá ìgbẹ́ ń há mọ́ ọn nídìí. Ìgbẹ́ tó há ń ti àpò ìtọ̀, kì í sì í jẹ́ kó tán.

16. Ọkọ mi ló ń ṣe. Ṣé ti ọkùnrin yàtọ̀?

Ó yàtọ̀. Ọkùnrin tí kòkòrò wọ àpò ìtọ̀ rẹ̀ sábà máa ń ní ìdí kan lẹ́yìn rẹ̀: próstéètì tó tóbi tí kò jẹ́ kí ìtọ̀ tán, òkúta, àtọ̀gbẹ, tàbí àrùn ìbálòpọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ṣe culture. Ọjọ́ 7 ni oògùn rẹ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá ti wọ próstéètì. Nitrofurantoin kì í wọ ibẹ̀ dáadáa.

17. London ni mo ń gbé, mi ò sì rí dókítà bọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ 31 oṣù January 2024 ni àwọn apòògùn ní England ti ní àṣẹ, lábẹ́ ètò Pharmacy First, láti tọ́jú obìnrin tó wà láàárín ọdún 16 sí 64 tí tirẹ̀ kò díjú, láìrí dókítà. Ẹ kàn wọlé. Aboyún, ọkùnrin, ẹni tí ibà ń mú àti ẹni tó ń padà bá léraléra, ọ̀dọ̀ dókítà ni wọ́n máa darí wọn sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí àbúrò fi Cipro ránṣẹ́ láti ilé.

18. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù 6, tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, ni wọ́n ń kà sí èyí tó ń padà wá. Ẹ ṣe culture nígbà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe kí ẹ máa tún oògùn tó kọjá rà. Ẹ yẹ ṣúgà wò, ẹ sì ṣe àwòrán kíndìnrín àti àpò ìtọ̀ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òkúta wà tàbí ìtọ̀ ń ṣẹ́kù.

Omi ni àkọ́kọ́. Ẹ tọ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n kò gba owó. Ẹ fi oògùn apàtọ̀ sílẹ̀. Fún ìyá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá, ìpara estrogen tí wọ́n ń fi sójú ara wà lára ohun tó dára jù, ó sì dùn mí pé wọn kì í sábà sọ fún wọn. Methenamine, tí kì í ṣe oògùn apakòkòrò, ṣe dáadáa nínú ìwádìí kan ní Britain ní 2022. D-mannose tí wọ́n ń polówó kiri kò ṣe ju oògùn ẹ̀tàn lọ nínú ìwádìí tó jáde ní 2024. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ìbálòpọ̀ nìkan ló ń dé, dókítà lè kọ ẹyọ oògùn kan fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

19. Ọmọ mi ń tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tó wẹ̀ lódò. Ṣé àpò ìtọ̀ náà ni?

Àpò ìtọ̀ náà ni, ṣùgbọ́n aràn ló fà á: Schistosoma haematobium, àrùn tí ọ̀pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti agbègbè rẹ̀ mọ̀ sí àtọ̀sí ajá. Kì í ṣe ìbálòpọ̀ ló ń fà á. Ìgbín kékeré inú odò ló ń tú aràn náà sómi, á gba awọ ara ẹni tó wẹ̀, tó fọṣọ tàbí tó pẹja wọlé, á sì tẹ̀dó sí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká. Ẹyin rẹ̀ ní ẹ̀gún ní ìdí. Bó ṣe ń ya àpò ìtọ̀ kọjá ni ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ní ìparí ìtọ̀ pàápàá. Ọmọ tó bá tọ̀ sódò tún ń fi ẹyin náà ránṣẹ́ sí ìgbín.

Àwọn abúlé etí ìdídò (dam) Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta, ìdídò tí wọ́n ṣí ní 1983, wà lára ibi tí àwọn olùwádìí ti ń rí i jù. Oògùn apakòkòrò kò ràn án. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, 40 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan. Aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni kí ẹ gba ìtọ̀ rẹ̀, ìgbà yẹn ni ẹyin ń jáde jù. Bó bá pẹ́ lára láìtọ́jú, ó lè yọrí sí jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀.

Àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde láìsí ìrora kankan, pàápàá ẹni tó ń mu sìgá, kó má jẹ́ kí àìsí ìrora tan òun jẹ. Jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

20. Láàbù ní “Staph” wà nínú ìtọ̀ mi. Mo ti gba abẹ́rẹ́ títí, kò lọ.

Staphylococcus aureus ń gbé ní awọ ara àti imú ọ̀pọ̀ èèyàn tí nǹkan kan ò ṣe. Bí a kò bá gba ìtọ̀ bó ṣe yẹ, awọ ara ló máa já sínú ike, òun ni láàbù á sì kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́, àgbo “staph” àti ẹ̀rù pé èèyàn ò ní bímọ á tẹ̀ lé e. Ó ti sọ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ara wọn dá ṣáṣá di aláìsàn nínú ọkàn wọn.

Bí kò bá sí àmì kankan, tí ẹ ò sì lóyún, ẹ tún ìtọ̀ gbà dáadáa ní láàbù mìíràn kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan. Kòkòrò yìí kì í sábà fa àrùn àpò ìtọ̀, àfi fún ẹni tó wọ rọ́bà ìtọ̀ tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún níbẹ̀. Bó bá wà nínú ìtọ̀ ẹni tí ibà ńlá ń ṣe, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: ó lè jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ló ti wá, ọsibítù sì ni ibi rẹ̀.

21. Ìyá wa ti lé ní ọgọ́rin, wọ́n ní kòkòrò ò kúrò nínú ìtọ̀ wọn.

Lọ́jọ́ orí yẹn, kòkòrò máa ń wà nínú ìtọ̀ ọ̀pọ̀ àgbà láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bí ìtọ̀ ò ta wọ́n, tí ibà ò mú wọn, oògùn á kàn kọ́ kòkòrò lọ́gbọ́n ni. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wọn ṣàdédé ń ṣe ségesège, ẹ yẹ omi ara, ṣúgà, ibà àti oògùn tí wọ́n ń lò wò kí ẹ tó di ẹ̀bi ru ìtọ̀.

Ẹni tó bá wọ rọ́bà ìtọ̀ ju oṣù kan lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kòkòrò á wà níbẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi nọ́ọ̀sì ni bóyá rọ́bà náà ṣì pọn dandan.

22. Culture mẹ́rin kò rí nǹkan kan, ó ṣì ń dùn mí. Ṣé ọkàn mi ló ń ṣe mí ni?

Kì í ṣe ọkàn yín. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní interstitial cystitis: àpò ìtọ̀ ń ro èèyàn fún ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ láìsí kòkòrò. Ìrora á máa gòkè bí àpò ṣe ń kún, á rọlẹ̀ díẹ̀ bí ẹ bá tọ̀. Ẹnì kan lè tọ̀ ju ogún ìgbà lọ láàárín ọ̀sán àti òru. Guy Hunner, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ ní 1915 nípa egbò kan tí àwọn kan nínú àwọn aláìsàn yìí máa ń ní nínú àpò ìtọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe egbò náà.

Kí wọ́n tó pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ti yọ àtọ̀sí, chlamydia, àtọ̀sí ajá, òkúta àti jẹjẹrẹ kúrò. Nílé wa, wọ́n sábà máa ń ti lo oògùn apakòkòrò bí ìgbà mẹ́wàá fún aláìsàn kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oògùn apakòkòrò ò ṣe nǹkan kan fún un.

Oúnjẹ ń dá kún un fún ọ̀pọ̀: kọfí, ọtí, ọsàn wẹ́wẹ́, tòmátò, ata. Ẹ má yọ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, ta ló máa jẹ ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ yọ ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wò ó, ẹ dá a padà. Oògùn amitriptyline díẹ̀ lálẹ́, ìtọ́jú iṣan ìdí lọ́dọ̀ physiotherapist, kíkọ́ àpò ìtọ̀ láti dúró pẹ́ díẹ̀díẹ̀, àti oògùn tí wọ́n ń dà sínú àpò náà ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Bí egbò Hunner bá wà, wọ́n lè fi iná jó o. Oògùn pentosan tí àwọn kan ń gbà ní Amẹ́ríkà lè ba ojú jẹ́ bó bá pẹ́, ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ máa rí dókítà ojú.

Kí ẹ tó lọ rí dókítà àrùn ìtọ̀, ẹ kọ ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀: aago tí ẹ tọ̀, ìwọ̀n ìtọ̀ nínú ife oníwọ̀n, ohun tí ẹ mu, ìgbà tí ìrora gòkè. Ẹ kó gbogbo èsì culture tẹ́lẹ̀ dání, títí kan àwọn tí wọ́n ní kò rí nǹkan kan.